Ohùn Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ Lábẹ́ Skríìnì: Ìrìn Láàárín Àwọn Atúnfóònùṣe Adó-Èkìtì

Ẹnjiníà fi ẹnu pupa mítà rẹ̀ tẹ irin etí páńẹ̀lì, ó wá ń fi dúdú tọ eyín ihò skríìnì lọ́kọ̀ọ̀kan. "0.342," ó ní. Ó sún un díẹ̀. "0.341." Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń kọ ọ́ sẹ́yìn páálí kan. Eyín méjì mìíràn: 0.340, 0.342. Nígbà tó dé orí méjì kẹta, àkọ́kọ́ mú 0.341, èkejì kò mú nǹkan kan; OL ni mítà kọ. Ó gbé ojú kúrò lórí máíkírósíkóòpù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó. Ọ̀kan ti já nínú méjì yìí."

Òkèyìnmi la wà, láàárín ìgboro Adó-Èkìtì, ní ìsọ̀ tí ènìyàn mẹ́ta máa ń kún. Màmá tó ni fóònù náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà l'Ọ́jà Ọba. Fóònù já bọ́ lọ́wọ́ wọn lórí sìmẹ́ǹtì, láti ìgbà náà ó ń dún bí ènìyàn bá pè é, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣókùnkùn birimù.

"Ẹnjiníà, ṣé kò ní í pa nọ́ńbà àwọn oníbàárà mi rẹ́ ṣá?"

"Rárá o, mà. Ọpọlọ rẹ̀ pé. Ọ̀nà tó ń gbà ránṣẹ́ sí skríìnì ló bàjẹ́."

Ọ̀nà yẹn gan-an ni mo wá wò. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti fóònù, ìṣirò ni gbogbo ayé ń pariwo: IC wo ló yára jù, ilé-iṣẹ́ wo ló ṣe é. Ẹ bi àwọn tó ń ṣe IC fúnra wọn, wọn á sọ fún yín pé ìṣirò kọ́ ni ìṣòro mọ́. Gbígbé èsì ìṣirò láti inú IC kan lọ sínú èkejì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìrìn tí kò tó ìbú ọwọ́, nígbà mìíràn tí kò tó mìlímítà méjì, ibẹ̀ ni bátìrì ń lọ. Àwọn tó ń rí ìrìn náà lójú ara wọn lójoojúmọ́ ní Èkìtì kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá títì ni.

Fájuyì ni mo gbà wọlé láàárọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ìrántí Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó tí wọ́n pa ní Ìbàdàn lóṣù Keje ọdún 1966. Láti ibẹ̀ títì ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, bí gbogbo títì Adó. Àgbòjò àwọn oní-POS, gíláàsì tí wọ́n to ìbòjú skríìnì sí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń polówó fóònù àlòkù láti ìlú òyìnbó. Ọmọkùnrin kan di apá mi mú: "Bọ̀dá, kí lẹ fẹ́ ṣe? Skríìnì? Ṣájà?" Mo ní mo fẹ́ rí páńẹ̀lì tó ṣí sílẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wá mú mi wá bá ọ̀gá rẹ̀.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì-méjì ni wọ́n ṣe é?" mo bi ẹnjiníà.

"Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Méjèèjì gbọ́dọ̀ mú nọ́ńbà tó jọra. Tí wọn ò bá ti jọra, ẹ má wulẹ̀ ra skríìnì tuntun."

Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ sì rọrùn. Orí wáyà méjì ni fóònù ti ń rán bíìtì kan ṣoṣo sí skríìnì. Bí ọ̀kan bá ròkè, èkejì á sọ̀kalẹ̀. Skríìnì kì í wo iye tó wà lórí wáyà kankan nínú méjèèjì. Ìyàtọ̀ àárín wọn ló ń wò. Bí ariwo iná bá ti ara ṣájà tàbí eríàlì wá, méjèèjì ló máa kọlù bákan náà, ìyàtọ̀ náà á sì dúró bó ṣe wà. Torí pé ariwo kò rí i gbé ṣe, kò sídìí láti fi agbára ńlá ránṣẹ́. Nínú ètò tí wọ́n ń pè ní MIPI D-PHY, tó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù Android, nǹkan bí 200 mílífóltì péré ni ìyàtọ̀ náà, ìdá kan nínú ìdá mẹ́jọ òkúta bátìrì rédíò kan. Pẹ̀lú ìyẹn, ìlà kan lè gbé bíìtì bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí iṣẹ́ kíákíá bá tán, wáyà kan náà á bọ́ sí ìrìn jẹ́jẹ́ ní 1.2 fóltì, iná kò sì ní máa ṣàn lórí rẹ̀ láìnídìí mọ́.

Ohun tó já lára fóònù màmá kì í ṣe wáyà fúnra rẹ̀. Lẹ́bàá ihò skríìnì, nǹkan dúdú kékeré kan wà tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí wáyà méjèèjì ń gba inú rẹ̀ kọjá kó lè dá ariwo dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣí kúrò lára páńẹ̀lì nígbà tí fóònù já bọ́. Ojú lásán kò lè rí i. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó ṣí sókè gbangba, léèdì tó yẹ kó dì í mú ti sán.

"Ẹ ò lè fi jọ́ńpà so ó gba ibòmíràn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tó bá ṣe ìlà ṣájà ni, màá fi wáyà fà á láti ibí dé Ìkẹ́rẹ́. Èyí ò gba bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, wọn ò ní í jọ débẹ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ yẹn tọ́, ó kàn kù díẹ̀ kó pé ni. Lábẹ́ gbogbo wáyà tó ń yára lórí páńẹ̀lì ni wọ́n tẹ́ bàbà pẹrẹsẹ sí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ilẹ̀. Àmì tó ń sáré lókè nílò ilẹ̀ yìí nítòsí, ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wáyà tín-ín-rín tó fò sókè kò ní ilẹ̀ tó sún mọ́ ọn, nítorí náà bí àmì bá dé ibẹ̀, apá kan rẹ̀ á ta padà síbi tó ti wá, á sì da èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rú. Ẹnjiníà kò ka èyí nínú ìwé. Ó rí i lára skríìnì tó ń ṣẹ́jú, tó ń fa ìlà aláwọ̀ ewé, lẹ́yìn tó ti gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Ó wá inú ike àwọn páńẹ̀lì tó ti kú, ó rí irú nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà lára ọ̀kan, ó fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i títí léèdì fi yọ́, ó fi ìmúga gbé e. Kò tó ọkà bàbà. Ọmọṣẹ́ náà dá èémí dúró títí wọ́n fi gbé e kalẹ̀.

Iná lọ. Kò sẹ́ni tó pariwo. Bátìrì tó wà lábẹ́ tábìlì gba iṣẹ́, gílóòbù ojú máíkírósíkóòpù kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Nígbà tí fóònù màmá ń tutù, ẹnjiníà fi páńẹ̀lì mìíràn hàn mí, èyí tó jẹ́ pé òkú ni wọ́n gbé e wá. Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fún un níná, ó tẹ bọ́tìnnì, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ náà gòkè dé 0.08, ó dúró síbẹ̀, kò lọ sókè, kò padà sílẹ̀. "Ẹ rí ibi tó dúró sí yìí? Ọpọlọ jí, ó ń pe RAM, RAM ò dáhùn." Irin aláwọ̀ fàdákà ló bo àwọn méjèèjì. Nígbà tó ká a kúrò, IC kan ṣoṣo ni mo rí. Abẹ́ ni èkejì wà: RAM lókè, ọpọlọ nísàlẹ̀, ọ̀kan gorí èkejì, hóró léèdì ọgọ́rọ̀ọ̀rún láàárín wọn. Fóònù já bọ́, hóró díẹ̀ sán, ọ̀rọ̀ já.

Kí ló dé tí wọ́n fi gbé e gorí ara wọn báyìí, tó fi sọ iṣẹ́ atúnfóònùṣe di akọ iṣẹ́? Ẹni tó wà lóko tó ń pe ẹni tó wà lódìkejì odò gbọ́dọ̀ ké tantan. Ẹni tó jókòó ti ẹnìkejì rẹ̀ lórí ẹní kan náà, bó bá ké, agbára ló fi ń ṣòfò. Láàárín ọpọlọ fóònù àti RAM tó gùn ún lórí, mìlímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni ọ̀nà. Wọ́n lè máa sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ohun tí àwọn aṣe-RAM sì ń ṣe láti ọdún dé ọdún nìyẹn: LPDDR4 ń fi 1.1 fóltì ránṣẹ́, LPDDR4X tó tẹ̀ lé e mú un wá sí 0.6, LPDDR5 mú un wá sí 0.5. Kí ẹ má sì rò pé ìdínkù kékeré ni. Agbára tí wáyà ń jẹ nígbà tí wọ́n bá ń gbé e sókè sódò ń tẹ̀ lé fóltì ní ìlọ́po ara rẹ̀: bí fóltì bá di ìdajì, agbára á di ìdá mẹ́rin.

Ọgbọ́n kan tún wà níbẹ̀ tó wù mí ju èyí lọ. Nínú irú RAM yìí, rírán 0 kì í fa iná. 1 ló ń fà á. Wáyà mẹ́jọ ló ń rìn pọ̀. Ká ní ohun tí fóònù fẹ́ rán ni 11110111. Oókan méje wà níbẹ̀, ọ̀nà méje ló máa fa iná. Dípò kó rán an bẹ́ẹ̀, ọpọlọ á yí gbogbo rẹ̀ sódì, á rán 00001000, á sì gbé wáyà kẹsàn-án sókè láti fi sọ fún RAM pé, "mo ti yí i o, yí i padà." Oókan méjì péré ló ná an báyìí, dípò méje. Òfin rẹ̀ ni pé bí oókan bá ti ju mẹ́rin lọ, kí wọ́n yí i. Nítorí náà wáyà tó ń fa iná lẹ́ẹ̀kan náà kì í ju mẹ́rin lọ nínú mẹ́sàn-án láéláé. Kò sí fóltì tí wọ́n dín, kò sí irin tuntun tí wọ́n wà nílẹ̀. Ìrònú lásán ni, ó sì pamọ́ sínú àpò gbogbo ẹni tó ń rìn kọjá ní Òkèyìnmi.

Mo sọ èyí fún ọmọṣẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ Poly ni, tó wá lo àkókò IT rẹ̀ ní ìsọ̀. Ó ronú díẹ̀. "Bọ̀dá, tí wáyà kẹsàn-án yẹn bá wá já ńkọ́?" Gbogbo ohun tí wọ́n bá yí sódì á di ìrànkuràn, mo ní. Ọ̀gá rẹ̀ dáhùn láìgbójú sókè: "Ó máa ń já. Mo ti rí i."

Ìsọ̀ láptọ́ọ̀pù tí mo tún yà sí wà ní ìsàlẹ̀, lápá Ìjìgbò. Níbẹ̀, ohun tó wà lábẹ́ máíkírósíkóòpù nínú ti fóònù hàn sójú lásán, torí páńẹ̀lì láptọ́ọ̀pù tóbi. Láti ìdí ọpọlọ dé ihò RAM, ìlà wáyà tín-ín-rín tò lọ. Àwọn kan lọ tààrà. Àwọn kan ń ṣẹ́ kọ́rọ́kọ̀rọ kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n lọ sọ́tùn-ún, wọ́n bọ̀ sósì, láìsí ohun tí wọ́n ń yà fún. Baálé ìsọ̀ náà, àgbàlagbà tó ti ń tún rédíò ṣe kó tó di pé láptọ́ọ̀pù dé, ní òun rò nígbà kan pé ẹ̀ṣọ́ ni.

Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Àmì iná lórí páńẹ̀lì ń rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 ní nánósẹ́kọ́ńdì kan, ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. RAM DDR4 tó wà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà, 3200 ni wọ́n kọ sí i lára: bíìtì bílíọ̀nù 3.2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lórí wáyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọ̀kan pín èkejì, ẹ máa rí i pé bíìtì kan lórí wáyà náà gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4.7. Ó ṣeé fi rúlà wọ̀n. Lórí ìlà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, kí bíìtì kan tó wọlé, òmíràn ti wà lọ́nà lẹ́yìn rẹ̀. Wáyà mẹ́jọ tó jọ ń gbé ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ jọ débẹ̀, pẹ̀lú wáyà méjì tó ń lu àkókò fún wọn. Èyí tí ọ̀nà rẹ̀ kúrú ni wọ́n mú ṣẹ́ kọ́rọ́kọ̀rọ kó má bàa ṣáájú ẹgbẹ́.

Ohun tó wà ní ihò SSD tún yàtọ̀. Níbẹ̀ kò sí wáyà tó ń lu àkókò fún olùgbà. Inú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni olùgbà ti ń rí i, nígbàkígbà tí 0 bá di 1 tàbí tí 1 bá di 0. Bí 0 bá pọ̀ jù ní títẹ̀léra, olùgbà á ṣìnà. PCIe, ìlànà tí ihò náà ń lò, máa ń fi bíìtì mẹ́wàá rán mẹ́jọ látijọ́ kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀. Ìdá márùn-ún ọ̀nà ló ń lọ sí owó bodè. Láti ọdún 2010, nígbà tí ẹ̀yà kẹta jáde, wọ́n ń fi 130 rán 128. Òfò náà kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún mọ́.

Àwọn ọgbọ́n mìíràn wà tí ariwo wọn pọ̀. PAM4 kì í lo ìpele méjì, mẹ́rin ló ń lò, kí ìlù kan lè gbé bíìtì méjì, PCIe 6.0 gbà á lọ́dún 2022. MIPI C-PHY, tó ń so kámẹ́rà mọ́ fóònù, ń lo wáyà mẹ́ta pọ̀, ó ń fi ìlù méje gbé bíìtì 16. Ní Switzerland, ilé-iṣẹ́ Kandou, tí Amin Shokrollahi tó jẹ́ oníṣirò dá sílẹ̀, fi bíìtì márùn-ún sórí wáyà mẹ́fà, níbi tí méjì-méjì ti òkè yẹn kò lè gbé ju mẹ́ta lọ. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni. Ṣùgbọ́n ìpele mẹ́rin PAM4 máa ń sún mọ́ ara wọn, àlàfo kọ̀ọ̀kan á di ìdá mẹ́ta, ẹni tó ń gbà á gbọ́dọ̀ tẹ́tí gan-an, títẹ́tí náà sì ń jẹ agbára. Ibi tí ọ̀nà gùn, tí wáyà sì wọ́n, ló ti yẹ. Fún ìrìn mìlímítà díẹ̀, ọgbọ́n tó ń borí ni èyí tó ṣe bí ẹni pé kò gbọ́n: 0 àti 1 lásán, fóltì kékeré, wáyà púpọ̀ bí ó bá ti lè pọ̀ tó. RAM HBM tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn IC ọgbọ́n àtọwọ́dá òde òní ní wáyà ọ̀rọ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún lára òkìtì kan, wáyà kọ̀ọ̀kan kò sì sáré ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ kó lè yé wa. Bí rírán bíìtì kan bá ná wa ní píkójúùlù kan, ìyẹn ìdá kan nínú tírílíọ̀nù júùlù, tírílíọ̀nù bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á jẹ wáàtì kan. Ọ̀nà tó gùn lórí páńẹ̀lì lè ná wa ní píkójúùlù mẹ́wàá: wáàtì mẹ́wàá nìyẹn, bátìrì fóònù 5,000 mAh kò sì ní í pé wákàtí méjì lábẹ́ rẹ̀. Ìlànà UCIe, tí Intel, AMD, Arm, Samsung, TSMC àtàwọn ẹgbẹ́ wọn gbé jáde lóṣù Kẹta 2022, fojú sí ìdajì píkójúùlù tàbí kó tilẹ̀ kéré sí i. Ohun tí wọ́n fi ń rí i ṣe ni pé wọn ò jẹ́ kí ọ̀nà gùn: sẹ̀ǹtímítà 2.5 ló pọ̀ jù fún ẹ̀yà lásán, mìlímítà 2 fún ẹ̀yà gíga. IC kò gba orí páńẹ̀lì kọjá sọ́dọ̀ IC mọ́. Inú àpótí kan náà ni wọ́n kó wọn sí.

Ọmọ Yorùbá kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í sábà gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyekunle Olukotun ní Stanford wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi yé ayé pé ó sàn kí ọpọlọ púpọ̀ wà pọ̀ nínú IC kan ju kí ẹyọ kan máa sáré àsápajúdé lọ. Ó dá ilé-iṣẹ́ Afara Websystems sílẹ̀ lọ́dún 2000. Sun Microsystems rà á, IC tó ní ọpọlọ mẹ́jọ sì ti ibẹ̀ jáde ní 2005. Ní 2017, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dá SambaNova sílẹ̀. IC wọn tó ń jẹ́ SN40L, tó jáde ní 2023, ègé méjì ló jẹ́ tí wọ́n fi sínú àpótí kan, HBM sì wà pẹ̀lú wọn. Ọdún yẹn kan náà ló gba àmì-ẹ̀yẹ Eckert-Mauchly, tó ga jù láàárín àwọn tó ń gbèrò bí kọ̀ǹpútà ṣe máa rí.

Bàbá onírédíò ní Ìjìgbò kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. "Kó sún mọ́ra dáa," wọ́n ní. "Ta ló máa wá ṣí i?" Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ kan jáde, RAM rẹ̀ ti bàjẹ́, wọ́n sì ti fi léèdì dì í mọ́ páńẹ̀lì láti ilé-iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ni ín, iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lójú tèmi, bàbá jàre. Ọ̀nà tó kúrú ló dáa fún bátìrì, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ṣe ń kúrú ni ilẹ̀kùn ń tì mọ́ atúnṣe. Apple kó RAM sínú àpótí kan náà pẹ̀lú ọpọlọ M1 láti 2020. Ẹni tó bá rà á pẹ̀lú RAM kékeré ti gbà bẹ́ẹ̀ títí láé.

Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé kò di dandan kó rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Lóṣù Kejìlá 2023, àjọ JEDEC gbé ìlànà CAMM2 jáde: RAM pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ìdè tẹ̀ mọ́ páńẹ̀lì lẹ́bàá ọpọlọ, ọ̀nà rẹ̀ kúrú tó láti lo LPDDR5X tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, síbẹ̀ ènìyàn lè tú u. Lenovo ti fi sínú láptọ́ọ̀pù ní 2024. Ó ṣì wọ́n, kò sì tíì pọ̀ lára àlòkù tó ń wọ Adó. Ó máa dé.

Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Èkìtì ń bá ètò Ekiti Knowledge Zone bọ̀, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà. Bí wọ́n bá ń pín àyè níbẹ̀, kí wọ́n rántí pé àwọn tó ń fi mítà wá wáyà tó já lábẹ́ máíkírósíkóòpù ti wà nígboro tipẹ́, wọn ò sì ní ẹ̀rọ tó lè jẹ́ kí wọ́n rí àmì náà bó ṣe ń sáré. OL àti 0.341 nìkan ni wọ́n ń rí. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó lè fi í hàn, tí ọgbọ̀n ìsọ̀ jọ ń lò, á ṣe wọ́n láǹfààní ju ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì lọ.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ wá ra láptọ́ọ̀pù fún ọmọ tó wọ EKSU tàbí Poly, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà ṣí ìdí rẹ̀ lójú yín. Ẹ béèrè pé ṣé RAM rẹ̀ ṣeé yọ. Bí wọ́n bá ti dì í mọ́ páńẹ̀lì, ẹ má ra èyí tí RAM rẹ̀ kéré sí 16 GB, torí bó ṣe wà yẹn náà ni yóò wà títí ọmọ yóò fi jáde.